Kí ni kí akọni yín wọ̀? Ìtọ́sọ́nà sí kíláàsì àti ìhámọ́ra nínú World of Warcraft Classic

Ìbéèrè kan ò sinmi lẹ́nu àwọn tó ń kọ̀wé sí mi: “Mo ti dé ipele 22, gbogbo ohun tí mo wọ̀ ló ní àwọ̀ ewé, kí ló dé tí ẹranko méjì péré ṣì ń pa mí?” Mo máa ń ní kí wọ́n fi àwòrán ohun tí wọ́n wọ̀ ránṣẹ́. Kí n tó wò ó dé ìdajì ni mo ti máa ń rí i: Warrior ló kó ẹrù àlùfáà wọ̀, tàbí kó jẹ́ pé àáké ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ipele 12. Funfun, ewé, búlúù: bí ohun ṣe ń dára sí i ni àwọ̀ orúkọ rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ ò pa ọ̀tá. Ohun tí ìhámọ́ra náà fi kún ara ni ká máa wò, ká sì béèrè bóyá kíláàsì wa, ìyẹn irú akọni tá a yàn, rí i lò.

Classic ni mò ń sọ o, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Blizzard ṣí lọ́dún 2019, tó parí sí ipele 60. World of Warcraft tòde òní lọ́tọ̀, ìṣirò rẹ̀ lọ́tọ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà kó má baà dà yín láàmú.

## Ẹ kọ́kọ́ yan kíláàsì tó bá ọwọ́ yín mu

Kíláàsì mẹ́sàn-án ló wà. Ìhà méjì ló ń bára wọn jà, Alliance àti Horde. Alliance nìkan ló ní Paladin, Horde nìkan ló ní Shaman. Warrior, Hunter, Rogue, Priest, Mage, Warlock àti Druid wà níhà méjèèjì. Ẹ ronú dáadáa, torí kò sí pé à ń pààrọ̀ kíláàsì lọ́nà. Tí Warrior bá sú yín ní ipele 30, akọni tuntun lẹ máa dá sílẹ̀, láti ipele 1.

- Ẹ máa ń dá gbá a ni? Hunter tàbí Warlock. Ẹran ọ̀sìn tàbí ẹ̀mí èṣù yín á máa gba ìyà tó yẹ kó jẹ yín.
- Ẹ ní ọ̀rẹ́ tó ń woni sàn, tẹ́ ẹ jọ máa ń wọlé? Warrior. Láìsí ọ̀rẹ́ yẹn, ẹ máa jìyà dé ipele 40, mi ò ní tàn yín.
- Ẹ fẹ́ tètè rí ẹgbẹ́ wọ dungeon, ibùba ọ̀tá tí ènìyàn márùn-ún jọ ń wọ̀? Priest. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wá wọn.
- Ẹ kórìíra ìrìn ẹsẹ̀? Mage. Láti ipele 20 ló ti lè gbé ara rẹ̀ dé ìlú ńlá lójú ẹsẹ̀.
- Ẹ ò tíì mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́? Druid. Ó lè woni sàn, ó lè di béárì, ó lè di ológbò ńlá.

Tèmi ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gba Hunter. Wọ́n máa ń fi àwọn Hunter ṣẹ̀sín pé wọn ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ géèmù yìí lórí Hunter kì í kú tó àwọn tó ń ṣẹ̀sín wọn.

## Ipele 1 sí 10: ẹ tẹ̀ lé e báyìí

1. Ẹ kó gbogbo ohun tó bá jábọ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú kò ṣeé lò fún ohunkóhun, ṣùgbọ́n owó ni lọ́wọ́ oníṣòwò.
2. Àpò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná owó lé. Àyè 16 ni wọ́n fún yín níbẹ̀rẹ̀, àpò mẹ́rin míì sì lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àpò rẹ̀ kún á máa fi owó sílẹ̀ lára òkú ọ̀tá.
3. Ẹ padà sọ́dọ̀ olùkọ́ ní ipele méjì-méjì. Ẹ má ra gbogbo ohun tó ń tà. Èyí tẹ́ ẹ máa lò nínú ìjà tó kàn ni kẹ́ ẹ rà, ìyókù lè dúró.
4. Priest, Mage àti Warlock: ẹ wá wand, ọ̀pá idán kékeré tó ń ta ọ̀tá láti òkèèrè. Ẹni tó ń ṣe Enchanting lè ṣe Lesser Magic Wand, ẹ sì lè lò ó láti ipele 5. Wand kì í jẹ mana, agbára tí wọ́n fi ń ṣe idán. Kò sí ohun tó yá iṣẹ́ Priest kékeré tó o. Ní ipele 13, ẹ fi Greater Magic Wand rọ́pò rẹ̀.
5. Ẹ wo ohun ìjà funfun lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìlú. Lásìkò yìí, idà funfun tuntun sábà máa ń ju idà aláwọ̀ ewé tó ti pẹ́ lọ.
6. Ẹ kọ́ First Aid. Kì í ṣe ara iṣẹ́ ọwọ́ méjì tí wọ́n fàyè gbà yín, nítorí náà kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Aṣọ tí àwọn ọ̀tá bá já sílẹ̀ lẹ fi ń ṣe báńdéèjì.
7. Ipele 10 ni talent, ẹyọ tẹ́ ẹ fi ń yan agbára àkànṣe, bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan ní ipele kan, 51 ní ipele 60. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀ka kan ṣoṣo ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà, gold 1, owó inú géèmù, ni wọ́n gbà nígbà àkọ́kọ́, ó di 5, ó di 10, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 50.

## Ẹ mọ orúkọ ẹranko

Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun aláwọ̀ ewé sábà máa ń ní orúkọ ẹranko lẹ́yìn, ẹranko yẹn ló sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀:

- of the Bear, béárì: Strength àti Stamina
- of the Monkey, ọ̀bọ: Agility àti Stamina
- of the Tiger, ẹkùn: Strength àti Agility
- of the Eagle, idì: Intellect àti Stamina
- of the Owl, òwìwí: Intellect àti Spirit
- of the Whale, àbùùbùtán: Stamina àti Spirit
- of the Falcon, àṣá: Agility àti Intellect
- of the Gorilla, ìnàkí: Strength àti Intellect

Strength ló ń mú kí idà wọlé gidi. Agility ni ti Rogue àti Hunter. Stamina ni ẹ̀mí: ẹyọ kan, ẹ̀mí 10. Intellect ni àgbá mana: ẹyọ kan, mana 15. Spirit ló ń dá ẹ̀mí àti mana padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ná mana, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gbọ́dọ̀ kọjá láìná òmíràn kó tó tún máa dá mana padà.

Warrior mi àkọ́kọ́ ra idà òwìwí kan lọ́jà gbàǹjo ní ipele 24. Mo rí nọ́ńbà méjì aláwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, mo ní àbùkún ni, mo sanwó. Rage, ìbínú tó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń jà, ni Warrior ń lò, kò ní mana rárá. Intellect fún Warrior dà bí ìyẹ́ lára ejò. Idà yẹn wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó tẹ̀ mí, tó wò mí, tó kọ “òwìwí?” sínú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Kò kọ ohun mìíràn.

Nítorí náà, tí nǹkan tuntun bá bọ́ sọ́wọ́, ẹ fi ojú gbá a báyìí:

1. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́? Tí lẹ́tà rẹ̀ bá pupa, rárá.
2. Ẹranko wo ni? Ṣé kíláàsì mi ń jẹ ẹran rẹ̀?
3. Tó bá jẹ́ ohun ìjà: eélòó ni ìpalára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báwo ló sì ṣe yára tó?
4. Nọ́ńbà Armor ló kẹ́yìn. Fún àwọn tó ń wọ Cloth, ìyẹn aṣọ lásán, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà á sí.
5. Tí mi ò bá lò ó, ṣé ó ṣeé tà? Bí wọ́n bá kọ “Binds when equipped”, ẹ má wọ̀ ọ́ wò o. Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní í ṣeé tà lọ́jà gbàǹjo mọ́.

## Warrior, torí òun ló ń ṣe wàhálà jù

Warrior ò ní ẹran ọ̀sìn, kò ní omi idán, kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀. Tí ohun ìjà bá ti fi ipele márùn-ún sí mẹ́fà lọ́jọ́ orí, ẹ wá òmíràn, kódà bí bàtà àti ìbọ̀wọ́ yín bá ń já.

Ẹ wá èyí tó lọ́ra, tó wúwo. Ní ipele 30, iṣẹ́ kan wà fún Warrior tí èrè rẹ̀ ń jẹ́ Whirlwind Axe. Ìpalára rẹ̀ jẹ́ 102 sí 154, ìṣẹ́jú àáyá 3.60 ló sì ń gbà kó tó jù lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 35.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan mú idà kan wá tí tirẹ̀ náà jẹ́ 35.6, ṣùgbọ́n tó ń jù ní ìṣẹ́jú àáyá 2 péré. Lójú, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ wá tẹ Overpower, ìlù àkànṣe Warrior kan. Àáké á gbé nǹkan bí 128 jáde, idà á gbé 71, torí ìpalára ìjù kan ṣoṣo ni Overpower ń mú lò, kò bìkítà bó ṣe yára. Mortal Strike ní ipele 40 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má lọ dá Cyclonian, ọ̀tá tí iṣẹ́ Whirlwind Axe yẹn ní kẹ́ ẹ pa, kojú ní ipele 30. Ẹ kó ẹgbẹ́ jọ. Tẹ́ ẹ bá parí rẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú àáké, idà tàbí òòlù. Èyí tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ mú.

Ìkìlọ̀ lórí ìmọ̀ ohun ìjà. Ẹni tó ti ń lo idà láti ipele 1, tó wá gba àáké ní 30, ìmọ̀ àáké rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti 1. Á máa jù ú sófo ṣáá, á rò pé géèmù ló bàjẹ́. Ipele kan fàyè gba ìmọ̀ 5, tó já sí 300 ní ipele 60. Olùkọ́ ohun ìjà ní ìlú ńlá ló ń ṣí i fún yín, silver 10 ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹranko tó kéré sí yín, kẹ́ ẹ máa lù ú títí ọwọ́ á fi mọ́ ọn.

Béárì ni kẹ́ ẹ máa wọ̀. Mail, ìhámọ́ra irin ẹlẹ́wọ̀n, ni títí dé 39. Ní ipele 40, ẹ lọ kọ́ Plate, irin tó nípọn jù, lọ́dọ̀ olùkọ́.

## Àwọn kíláàsì yòókù

Hunter. Ọ̀bọ. Ọrun tàbí ìbọn ni ohun ìjà yín. Ọ̀kọ̀ tó wà lọ́wọ́, tìtorí Agility ara rẹ̀ ni. Ipele 10 lẹ máa mú ẹranko sìn. Ẹ máa bọ́ ọ: tí inú rẹ̀ bá dùn, ìpalára rẹ̀ jẹ́ 125%, tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ó bọ́ sí 75%, tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, á fẹsẹ̀ fẹ. Ẹ ka ọfà kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀tá jìnnà sí yín ju yard 8 lọ, torí tó bá ti sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀, ọrun ò ní ta.

Warlock. Idì. Life Tap ń sọ ẹ̀mí di mana, nítorí náà Stamina ń ṣe iṣẹ́ méjì fún yín. Ẹ gba Voidwalker, ẹ̀mí èṣù kan, ní ipele 10, òun ni kẹ́ ẹ máa tì síwájú. Soul Shard, èérún ọkàn tẹ́ ẹ fi ń pe ẹ̀mí èṣù, kì í gorí ara wọn nínú àpò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gba àyè tirẹ̀. Ẹ má kó 20 jọ bí ẹni ń tọ́jú èso.

Mage. Idì. Láti ipele 4 lẹ ti ń ṣe omi fúnra yín, 6 ni oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá wọ ẹgbẹ́, ẹ pín omi fáwọn tó ń lo mana kí wọ́n tó tọrọ. Ẹ̀ka Frost ni kẹ́ ẹ gbà: Frost Nova ní ipele 10 ń so ọ̀tá mẹ́sẹ̀, ẹ sì ráyè sá.

Priest. Òwìwí tàbí àbùùbùtán, àti wand tó dára jù tí owó yín ká. Bí ìjà ṣe ń lọ nìyí: Power Word: Shield, Shadow Word: Pain, lẹ́yìn náà wand títí ọ̀tá á fi ṣubú. Ẹ kó talent márùn-ún àkọ́kọ́ sí Spirit Tap. Ẹ ò ní mu omi mọ́.

Rogue. Ọ̀bọ. Idà tó lọ́ra ní ọwọ́ ọ̀tún fún Sinister Strike, èyí tó yára ní ọwọ́ òsì. Backstab àti Ambush ò ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀bẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Dagger.

Paladin. Béárì, ohun ìjà ọlọ́wọ́ méjì. Iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ jẹ́ òòlù Verigan's Fist ní ipele 20 tó ìjàǹgbọ̀n, torí ó ń rán yín wọ dungeon mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é.

Shaman. Ẹ lè wọ béárì tàbí ìnàkí. Ipele 30 ni Windfury Weapon dé, ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ̀ pé ẹ ò ṣìṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àáké tàbí òòlù ọlọ́wọ́ méjì, talent kan wà lẹ́ka Enhancement tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà.

Druid. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti di béárì tàbí ológbò, ìpalára ohun ìjà ọwọ́ yín ò ka nǹkan kan mọ́. Strength, Agility àti Stamina ara rẹ̀ nìkan ló kù. Ọ̀pá tí gbogbo ayé kọ̀ nítorí pé ó rọ̀ lè jẹ́ èyí tó dára jù fún yín, owó pọ́ọ́kú sì ni.

## Owó ẹṣin

Ipele 40 lẹ lè gun ẹṣin: gold 20 fún ẹ̀kọ́, 80 fún ẹran náà. Paladin àti Warlock bọ́ lọ́wọ́ èyí, kíláàsì wọn ń fún wọn ní ẹṣin. Láti ipele 25 títí dé 40, ẹ jáwọ́ nínú rírà ìhámọ́ra lọ́jà gbàǹjo. Ẹ lo èrè iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín àti ohun tó bá jábọ́. Ohun ìjà nìkan ni mo yọ̀ǹda, ìyẹn sì jẹ́ fún Warrior, Rogue, Paladin, Shaman àti Hunter. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń kó nǹkan jọ, bíi Skinning àti Mining tàbí Herbalism, ló ń pawó lásìkò yìí. Ẹ fi Blacksmithing sílẹ̀ títí di 60. Ó ń jẹ owó bí ìgbín ṣe ń jẹ ewé.

## Kẹ́ ẹ tó wọ dungeon

Ènìyàn márùn-ún ni: ọ̀kan tó ń gba ìyà, ọ̀kan tó ń woni sàn, mẹ́ta tó ń pa ọ̀tá. Deadmines ní Westfall ni ti Alliance. Ragefire Chasm lábẹ́ Orgrimmar àti Wailing Caverns ní Barrens ni Horde fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbéra:

- Ìhámọ́ra ti tún ṣe tán
- Oúnjẹ, omi, báńdéèjì
- Ọfà tàbí ọta fún Hunter, Soul Shard fún Warlock
- Àyè mẹ́wàá, ó kéré tán, nínú àpò
- Gbogbo iṣẹ́ tó bá dungeon yẹn lọ ti wà lọ́wọ́

Tí nǹkan bá jábọ́, Need túmọ̀ sí pé ẹ máa wọ̀ ọ́ báyìí, lónìí. Greed ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á. Tó bá ń ṣe yín bíi pé ó lè wúlò lọ́jọ́ iwájú fún ẹ̀ka míì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Hunter tó tẹ Need lórí idà Cruel Barb níwájú Rogue, wọn ò ní gbàgbé orúkọ rẹ̀ bọ̀rọ̀.

## Ní ipele 60, ìṣirò yí padà

Àwọn ọ̀gá inú raid, ìjà ńlá tí ẹgbẹ́ púpọ̀ jọ ń jà, bíi ti Molten Core tí ènìyàn 40 ń wọ̀, ni a ń kà sí ipele 63. Ìjù yín á máa tàsé. Ẹni tí ìmọ̀ ohun ìjà rẹ̀ jẹ́ 300 nílò hit 9%, ìyẹn ohun tó ń dín ìtàsé kù. Tó bá di 305, 6% tó. Ìdí nìyẹn tí Human fi ń gba idà tàbí òòlù, tí Orc sì ń gba àáké: ẹ̀yà wọn ti fún wọn ní 5 yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Fún àwọn tó ń fi idán jà, 16% ni. Ẹni tó ń gba ìyà nílò Defense 440 kí ọ̀gá má baà lè lù ú ní ìlù àjàkú.

Ohun kan máa ń ya àwọn Warrior tuntun lẹ́nu: ẹ lè nílò láti bọ́ Plate. Ìbọ̀wọ́ àti ṣòkòtò Devilsaur, awọ lásán, ń fi hit 2% kún un tẹ́ ẹ bá wọ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń ṣe Leatherworking ló ń ṣe é. Fún Warrior tó ń pa ọ̀tá, tí kì í ṣe ẹni tó ń gba ìyà, ó ju irin aláwọ̀ búlúù púpọ̀ lọ.

## Tó bá jẹ́ Hardcore lẹ wà

Lórí sáfà Hardcore tí Blizzard ṣí lọ́dún 2023, ikú kan péré ló wà. Ẹ yí ètò padà: Stamina ṣáájú ohun gbogbo, béárì dípò ẹkùn, idì dípò òwìwí. Ẹ máa pa ọ̀tá tó fi ipele méjì kéré sí yín. Ẹ má wọ ihò tí ẹ ò mọ ọ̀nà àbájáde rẹ̀, kódà bí ẹranko ẹnu ọ̀nà bá rọrùn, torí àwọn tẹ́ ẹ ti pa nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé á ti jí dìde kẹ́ ẹ tó ṣe tán níbẹ̀.